Ilẹ̀-ó-gbẹ àti Ẹ̀rọ Tó Ń Kán

Àlọ́ mi yìí kò dá lé ọba, kò sì dá lé ẹranko. Orí obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ ló já lé, òun àti ẹ̀rọ kan tó ń fa omi.

Ọmọ àbúrò ìyá mi ni obìnrin náà. Ilẹ̀-ó-gbẹ ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ń pè é, nítorí bó bá rí ẹ̀kán omi kan lórí símẹ́ńtì, àfi bí ẹni rí ejò. Iṣẹ́ ìnulẹ̀ ni wọ́n gbà á fún, wọ́n sì fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ọgbà. Yàrá yẹn gan-an ló ń torí ẹ̀ ṣiṣẹ́. Kó tó débẹ̀, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé, níbi tí ìyàwó ọmọ ti ń ka ẹran inú ọbẹ̀ kó tó jáde, tí yóò sì tún un kà bó bá wọlé. Ó ti búra pé òun ò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ọ̀tá rẹ̀ ni bàbá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. Kán-díẹ̀ ni wọ́n ń pe òun. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan á pòṣé, èkejì á wúkọ́ tí kò ṣe é.

Ohun tó fa ìjà wọn kò ju omi lọ. Ọ̀pá irin kan ń yí nínú ikùn ẹ̀rọ náà. Kí ọ̀pá má baà bàjẹ́, wọ́n fi ẹ̀wù irin wọ̀ ọ́ níbi ọrùn, wọ́n sì ká okùn ọlọ́ràá mọ́ ẹ̀wù náà kí omi má baà ya jáde. Ẹ̀wù yìí ló ń jẹ ìyà ọ̀pá. Bó bá gbó, wọn a bọ́ ọ dànù, wọn a wọ òmíràn fún un. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀wù ò gba gbígbẹ. Omi gbọ́dọ̀ máa kán níbẹ̀ tó, tó, tó, kó lè máa tù ú lára. Bí okùn bá fún un lọ́rùn jù, á gbóná, á sì jóná.

Ibi tí omi yẹn wá ń kán sí ni ilẹ̀ tí obìnrin yìí ń nù.

"Ìwọ bàbá yìí, o ò lè fún ẹ̀rọ rẹ lọ́rùn kó yéé tọ̀ sílẹ̀ bí ọmọ ọwọ́?"

"Jẹ́ kó kán díẹ̀, ìyá yìí. Ṣé ìwọ kì í làágùn bí o bá ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Mò ń làágùn. Mi ò làágùn sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn."

"Ilẹ̀ ogún bàbá rẹ ni àbí?"

"Bàbá tèmi nílẹ̀. Tìẹ ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fìdí jókòó sínú omi. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "Màmá," ló wí, "bí mo bá tún bá omi níbí, ẹ kó ẹrù yín kúrò ní yàrá yẹn."

Kán-díẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sọ pé ẹ̀rọ òun ló ń kán. Ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Ẹ̀rín yẹn ló bí èyí tó kù. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí bàbá lọ jẹun ọ̀sán, Ilẹ̀-ó-gbẹ mú sípánà rẹ̀, ó dojú kọ nọ́ọ̀tì méjì tó di okùn náà mú, ó sì fi gbogbo ìkórìíra inú rẹ̀ dè wọ́n pinpin. Omi dáwọ́ dúró. Ó nu ilẹ̀ títí tó fi ń dán, ó wá dúró de ọ̀gá.

Ọ̀gá dé, Kán-díẹ̀ tẹ̀ lé e wọlé, ó ń ta eyín. Ọ̀gá wo ilẹ̀, ó sì gbá bàbá léjìká.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti bá wa mú omi yẹn kúrò. Ẹ mọṣẹ́."

Ojú Kán-díẹ̀ ti lọ sí ọrùn ẹ̀rọ. Ó ń fọwọ́ wá sípánà, kò rí i.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ká ní obìnrin yìí dákẹ́ ni, orí bàbá ni gbogbo rẹ̀ ìbá fọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ọ̀tá rẹ̀ lójú rẹ̀, ó sàn kó gbé májèlé jẹ.

"Òun kọ́ o," ló wí, ó fa sípánà yọ lábẹ́ ìró. "Èmi ni mo dè é. Látọjọ́ tó ti wà níbí, ṣé ó lè ṣe é?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí èéfín fi yọ lọ́rùn ẹ̀rọ. Òórùn okùn tó ń jó gba gbogbo yàrá, ẹ̀rọ ń han bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kán-díẹ̀ sáré pa á. Nígbà tí wọ́n tú u, ara ẹ̀wù irin náà ti sán bí gìgísẹ̀ tí kì í rí òróró.

Bàbá gbé e sójú ọ̀gá. "Ẹ wò ó. Ẹ̀wù ló kú, nǹkan kan ò ṣe ọ̀pá. Ẹni tó ṣe é ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, mi ò ní ẹjọ́ kankan rò."

"Ẹ̀wù rẹ ló jóná, kì í ṣe ìwọ," ni Ilẹ̀-ó-gbẹ wí. "Ìyẹn ló ń dùn mí."

Ọ̀gá ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀.

Ó gbé àpótí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọmọ rẹ̀. Ìyàwó ọmọ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó fara dí i.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ọjọ́ mélòó lẹ máa lò?"

"Títí tí ẹ ó fi gbé mi jáde ni," ló dá a lóhùn, ó fi àpótí ti ilẹ̀kùn, ó wọlé.