Ẹran Ara Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Gíláàsì

Ibi iṣẹ́ mi ni wọ́n gbé kókó tí wọ́n yọ nínú ikùn ẹ̀gbọ́n mi wá. Ilé àyẹ̀wò kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa là ń gé irú ẹran bẹ́ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tá a ń tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, tá a sì ń fi oògùn aláwọ̀ sí i kí dókítà tó wò ó.

Ìyá kan náà ló bí wa, agboolé kan náà la sì ń gbé ní Ìta Fájì. Léèsì ló ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọgbẹ́ inú la pè é, títí tó fi bi ẹ̀jẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Dókítà àgbà pè mí wọlé lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ wò ó.

"Jókòó," ó ní. "Jẹjẹrẹ ni, àmọ́ oríṣi méjì ló jọra. Ọ̀kan ń ti inú iṣan jáde, èkejì kì í ṣe ti iṣan. Oògùn oníhóró wà fún ìyẹn, èèyàn á máa lò ó, á sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ti iṣan, oògùn yẹn ò ní ràn án."

Mo mọ ohun tó kàn. Oògùn aláwọ̀ kan wà tó ń wá èròjà tó máa ń wà nínú iṣan. Tó bá rí i, ibẹ̀ á di búráùn. Tí kò bá rí i, búlúù ni yóò máa jẹ́.

"Ṣé kí n gbé e lọ síbòmíì?" Dókítà bi mí.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Màá ṣe é."

Mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi nílé. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ìwọ fúnra ẹ lo máa ṣe é?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má di búráùn."

"Kò sí nǹkan tí mo lè ṣe sí i. Bó bá ti wà ńbẹ̀, ó ti wà ńbẹ̀ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

Ìyá wa tó ń fa tẹ̀sùbáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbójú sókè. "Ọwọ́ ẹ ni Ọlọ́run fi í sí," ó ní.

Nígbà tí mo ṣe é, búlúù ló jẹ́. Inú mi dùn débi pé mo fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni mo wo ègé ìfun ẹlòmíì tá a máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìfun yẹn ní iṣan, ó gbọ́dọ̀ di búráùn ká tó lè mọ̀ pé oògùn náà ṣì dára. Búlúù lòun náà. Iná tí kò sí ti ba oògùn inú fìríìjì jẹ́. Ayọ̀ mi ò wúlò fún nǹkan kan.

A ní kí wọ́n bá wa ra òmíràn, a sì ń retí. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè mu ju ògì lọ mọ́. Tí mo bá ti wọlé, á ní, "Ó ti dé?" Màá ní, "Ó ti ń bọ̀." N kò mọ̀ bóyá ó ń bọ̀.

Nígbà tó dé, mo tún un ṣe. Ìfun ló kọ́kọ́ yí padà. N kò tíì mí dáadáa tí ti ẹ̀gbọ́n mi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, láti etí wọ àárín, bí ìgbà tí tíì bá dà sáṣọ funfun. Ojú lásán ni mo fi rí i. Iṣẹ́ ní kí n fi omi ṣàn án, mo sì ṣàn án. Kò lọ.

Dókítà wò ó pẹ́. "Ti iṣan ni," ó ní. "Pẹ̀lẹ́."

Orí àtẹ̀gùn ilé ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi, ó ń gba atẹ́gùn. Ó wo ojú mi.

"Ó di búráùn?"

"Ó di búráùn, Àǹtí."

"Ó ṣú gan-an?"

"Ó ṣú."

Ó mi orí, ó ní kí n fà á dìde kó lè lọ ṣe àlùwàlá.

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ tó ń mú un bì, èmi ni mo ń gbé báàfù sábẹ́ ẹnu rẹ̀. Àìsàn náà ti wọ ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn ìrun Ásárì ọjọ́ Sátidé kan ló kú, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Láti ìgbà yẹn, ìyá wa ò bi mí léèrè nǹkan kan nípa iṣẹ́ mi mọ́.