Omi Tó Ń Jò Sórí Ibojì Bàbá Mi

Omi ń tán nínú kọ̀ǹpútà mi, mi ò sì rí ibi tó ń gbà jáde. Kọ̀ǹpútà olómi ni. Inú rọ́bà ni omi náà ti ń sáré yí inú rẹ̀ ká kó má baà gbóná, torí iṣẹ́ tí mo ń fi í ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹpẹrẹ. Àwòrán ilé tí wọn ò tíì kọ́ ni mo ń yà, tí onílé á wò ó bí ẹni pé ó ti kó wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ èmi àti ìyá mi. Bí omi bá tán, ẹ̀rọ á jóná. Bí ẹ̀rọ bá sì jóná, a ti wọ gbèsè àti ebi nìyẹn.

Yàrá mi lókè ò gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Páànù ilé wa ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ti dípẹtà tipẹ́, tó bá sì di ọ̀sán, ooru abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Pálọ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ló tutù, torí ògiri amọ̀ àtijọ́ ló ní, ó nípọn. Ibẹ̀ náà la sin bàbá mi sí. A tẹ́ táìlì funfun lé e lórí, àga rẹ̀ sì wà níbi tó máa ń wà. Kí n tó gbé kọ̀ǹpútà síbẹ̀, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá mi. Ó ní bàbá mi kì í bínú sí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́. Mo bá gbé tábìlì mi sí apá ẹsẹ̀ ibojì.

Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún kó tó kú. Olùkọ́ ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó kú, ńṣe ni gbogbo èèyàn ń bá wa yọ̀. Wọ́n ní òkú àgbà ni, kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Bí ìyá mi bá fẹ́ẹ́ sunkún, àbúrò bàbá mi tó ń gbé nítòsí á ní kí ló wá dé, ṣé kò mọ̀ pé ọpẹ́ ló yẹ kó máa dá. Àwọn ìyá ìjọ náà á ní onígbàgbọ́ kì í sunkún bí ẹni tí kò nírètí. Èmi náà ò gbẹ́yìn. Mi ò ní sùúrù, ọ̀rọ̀ kì í sì í pẹ́ lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kan tí ẹkún tún gbà á lórí oúnjẹ, mo ní, "Màámi, ó tó o." Ó nu ojú rẹ̀, ó sì gbé abọ́ kúrò. Láti ọjọ́ náà, mi ò rí omijé lójú rẹ̀ mọ́. Àmọ́ kì í jẹun mọ́. Òkèlè kan, méjì, á ní ó ti yó. Ó ń rù lójú mi, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi.

Ìgbà tó yá, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Mi ò mọ ohun tó fà á. Ó ń jẹ ẹ̀bà tán, ó ń rán mi lọ ra ẹja ní Ọjà'ba, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni màá gbé lọ sílé ọkọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìgbà yẹn gan-an sì ni omi ẹ̀rọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Màá bu òmíràn sí i, kó tó pẹ́ á tún ti lọ sílẹ̀. Mo wo ilẹ̀ títí, mi ò rí ẹ̀kán kan. Gbogbo ilẹ̀ gbẹ, ó tún ń dán. Ṣé ẹ̀rọ ló ń mu omi ni?

Mo pe ẹnì kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ lórí fóònù. Ó ní kí n fi tíṣù wé gbogbo oríkèé rọ́bà náà, pé omi inú rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, tíṣù tó bá ti di búlúù ló máa fi ojú olè hàn. Mo wé e lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ara mi ò gbà á mọ́, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó.

Ìyá mi ló wà lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀. Omi búlúù ti ṣàn láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó sì dúró sí àárín ibojì, níbi tí táìlì ti jìn wọlẹ̀ díẹ̀ bí ilẹ̀ ibojì ṣe máa ń ṣe. Ó ń fi akísà nu ún, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó sì ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún un pé ewúrẹ́ ará ẹ̀yìnkùlé ti jẹ gbogbo ewé ewúro òun, pé wọ́n ti yí àga ṣọ́ọ̀ṣì padà, pé kò sí ẹni tó ń ti fèrèsé lálẹ́ mọ́ bí ò ṣe òun. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ ò sọ fún mi pé ilé á tutù tó báyìí." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí akísà.

Mo padà sórí àtẹ̀gùn, mo jókòó. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ìyá mi gbà pé bàbá mi ló ń sunkún nísàlẹ̀ ilẹ̀, tí omijé rẹ̀ ń sun jáde, òun ló sì ń tù ú nínú. Ìyẹn ló jẹ́ kó máa jẹun. Bí mo bá dí ibi tó ń jò, èmi ni màá tún bàbá mi sin lẹ́ẹ̀kejì, ìyá mi á sì tún padà sí òkèlè kan. Bí mi ò bá dí i, kí la ó máa jẹ? Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Inú bí mi sí ẹ̀rọ, inú bí mi sí ara mi, inú tún bí mi sí bàbá mi tó kú.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ títí di ọ̀sán. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀rọ gbóná, ó sì pa ara rẹ̀. Mo tàn án, ó tún kú. Mo mọ̀ pé kò sí ibi tí mo fẹ́ẹ́ sá sí mọ́.

Mo bá ìyá mi lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo mú tíṣù tó ti di búlúù dání. Mo ní, "Màámi, omi tó ń wà lórí ibojì Dádì…"

Kò gbójú sókè. "Omi ẹ̀rọ rẹ ni," ó ní. "Mo mọ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ṣé bàbá rẹ ló máa sun ẹkún aláwọ̀ aró?"

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi.

Ó ṣa òkúta kan jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí mo bá kúnlẹ̀ síbẹ̀ tí mo ń sunkún, gbogbo yín á ní ó tó. Bí mo bá kúnlẹ̀ tí mo ń nu ilẹ̀, ta ló máa bi mí ní nǹkan kan?"

Ó ní kí n lọ tún ẹ̀rọ mi ṣe, iṣẹ́ ni, kí n má fi ṣeré. Ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Mo tún un ṣe. Orí rọ́bà kan ló ti le tó sì sán. Mo gé ibẹ̀ kúrò, mo tì í padà sí àyè rẹ̀, mo fún irin tó dì í mú le dáadáa. Mo bu omi sí i, mo tàn án, kò jò mọ́. Inú mi ò dùn rárá.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bọ̀, mo ti wà ní pálọ̀. Ìyá mi wọlé pẹ̀lú bókẹ́ẹ̀tì omi àti akísà, bó ṣe mọ́ ọn lára. Ilẹ̀ gbẹ. Ó dúró, ó ń wò ó, kò mọ ohun tó fẹ́ẹ́ ṣe. Mo gba bókẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, mo da omi díẹ̀ sí àárín ibojì, mo sì kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tì mí. Ó nu ún lẹ́ẹ̀kan, ó nu ún lẹ́ẹ̀kejì, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún tí wọ́n lè gbọ́ títí dé títì. Àbúrò bàbá mi gbọ́ ọ, ó wá kanlẹ̀kùn, ó ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní a ń nu ilẹ̀ ni.