Orí Máṣíìnì Àǹtí

Torí ìkánjú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Kíámọ́sá, ẹnu rẹ̀ sì tún yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Aránṣọ ni. Ọwọ́ àǹtí rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló ti kọ́ṣẹ́, ìdí nìyí tí ẹbí fi ní kó wá kó ẹrù ilé náà. Yàrá méjèèjì kún fọ́fọ́: aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bọ́tìnì nínú agolo mílíìkì, àlùmọ́gàjí tó ti kújú. Àǹtí kì í da nǹkan nù; bí síìpù bá bàjẹ́, á ní eyín rẹ̀ ṣì lè wúlò.

Orí máṣíìnì nìkan ni kò sí. Tábìlì rẹ̀ wà lójú fèrèsé, pẹ́dàlì wà nísàlẹ̀, àmọ́ òfìfo ni ojú tábìlì. Màmá Ilé Kejì, aránṣọ bíi tiwọn, tó tọ́jú àǹtí nígbà àìsàn, ni kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ti tó fún Kíámọ́sá. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó bọ́ síta láàárọ̀, ó gbé ohùn sókè:

"Ẹ bá mi bi Màmá Ilé Kejì o. Ṣé torí máṣíìnì ló ṣe ń gbé omi gbígbóná wá fún aláìsàn? Olè ni."

Àwọn tó ń pọnmi dúró. Ẹnìkan tiẹ̀ mi orí, ó ní ayé ti bàjẹ́. Màmá Ilé Kejì gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó wọlé, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Kíámọ́sá fẹ́ gbé garawa ńlá tí ègé aṣọ kún inú rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó lọ dà á nù. Garawa ò ṣeé gbé. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan irin tútù.

Orí máṣíìnì àǹtí ni. Ta ló yẹ kó mọ̀ jù ú lọ? Ní gbogbo ìgbà tó fi ń kọ́ṣẹ́, òun gan-an ni àǹtí máa ń ní kó tú orí máṣíìnì ní ìrọ̀lẹ́, kó rì í mọ́ inú ègé aṣọ nítorí olè. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Ojú tì í débi pé ó tún fi ègé bò ó padà. Èrò burúkú kan tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn: ta ló rí òun? Ó lè gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ, kí ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀.

Ibi tó ti ń rò ó ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn. Màmá Ilé Kejì ni, ó ru orí máṣíìnì tirẹ̀, òógùn bò ó lójú.

"Ọmọ mi, gba èyí. Mi ò mú ti Ẹ̀gbọ́n, àmọ́ mi ò fẹ́ kí wọ́n máa torí rẹ̀ pariwo láàárín títì nígbà tí ilẹ̀ tí a sin ín sí ò tíì gbẹ."

"Kí lẹ máa wá fi ṣiṣẹ́, mà?"

"Ọlọ́run á pèsè."

Ká ní ó bú u ni, ìbá sàn. Kíámọ́sá da ègé aṣọ sílẹ̀, ó fi ohun tó wà nísàlẹ̀ garawa hàn án, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Ẹ forí jì mí, mà. Mo mọ ibi tó máa ń wà. Mi ò ronú."

Màmá bojú wo inú garawa náà. Ó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Inú ilé kọ́ lo ti pè mí lólè."

Kíámọ́sá dìde, ó ṣílẹ̀kùn. Àwọn apọnmi ìrọ̀lẹ́ ti tò sídìí ẹ̀rọ omi, gbogbo wọn sì yíjú sí i.