Orúnkún Tuntun Màámi

Lọ́jọ́ tí màámi ti Íńdíà dé, ilé wa ní Bódìjà kò gbé jẹ́ẹ́. Kí wọ́n tó lọ ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún níbẹ̀, ògiri ni wọ́n ń dì mú rìn. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n rìn wọlé láìdi ẹnikẹ́ni mú. Mo kígbe! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bú sẹ́kún ayọ̀. Àwọn ìyá ìjọ Aládùúrà tí màámi ń lọ ti dé nínú sùtánà funfun, orin ń lọ lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kan orúnkún ìyanu yìí!" ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Màámi ti ń ká ìró sókè. Ẹ̀gbọ́n mi sáré dí àwọn ìyá náà lọ́nà.

"Ẹ má bínú, mà. Ojú ọgbẹ́ kò tíì jinná tán. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ má sì kàn án."

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí lójú àlejò ni?" ni màámi bi í. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá náà tò sídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń fọwọ́, wọ́n ń jó.

Kò pẹ́ sí i ni ara màámi gbóná. Wọ́n ní àárẹ̀ ìrìn àjò ni. Nígbà tí orúnkún wú, tó ń ṣọyún, a gbé wọn digbàdìgbà gba Ring Road lọ sílé ìwòsàn. Bí dókítà ṣe gbọ́ pé òkèèrè ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bu ọyún náà fún àyẹ̀wò, ó sì fún wọn ní yàrá àdágbé.

"Ṣé adẹ́tẹ̀ ni mí ni?"

"Rárá o, mà. Kò síléèwòsàn tí kò ní kòkòrò tó ti lágbára ju oògùn lọ. Tiwa náà ní tirẹ̀. Àmọ́ èyí tó bá bá yín ti òkèèrè dé lè ṣàjèjì sí wa. Tó bá ràn mọ́ aláìsàn mìíràn níbí, wàhálà dé."

Èsì àyẹ̀wò jáde: àwọn oògùn tí a mọ̀ kò ran kòkòrò náà, àfi ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kan yẹn tó! Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ra, a fò sókè. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń fà á sí màámi lára títí ibà fi lọ, tí màámi fi ń béèrè àkàrà gbígbóná.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, màámi kọ kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Mo gbé báàgì, mo ń sáré tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ rọra, mà!"

"Ìwọ ni kó o yára!"