Dígí Tí Ìyá Mi Fọ̀

Ó ti wá dìgbà náà, Ìyá mi? Ẹ lọ, ẹ ò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó há sí mi lọ́fun.

Ọlọ́wọ́ mímọ́, ìyá tó fọ ilé ìgbẹ̀bí ní Kétu títí irun orí rẹ̀ fi funfun! Kànìnkànìn àti ọṣẹ lẹ fi rán mi nílé ìwé títí mo fi dé Kútọnu. Ẹ máa ń ní, "Ìdọ̀tí tójú ò rí, ọṣẹ á rí i."

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní labó, níbi tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ojú lásán kò lè rí i. Èròjà tíntìntín tó ń dá àrùn mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ là ń tò sójú dígí pẹlẹbẹ, ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ bí ebè oko, kí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lè sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Mo gbé ọ̀kan wálé lọ́jọ́ kan, mo fi í sórí tábìlì, mo lọ wẹ̀. Kí n tó dé, ẹ ti fọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ń dán.

Mo figbe ta. "Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta rèé! Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

Ẹ ní, "N ò rí nǹkan kan lára rẹ̀, Àjọkẹ́. Mo ní kó lè mọ́ fún ọ ni."

Mo ju dígí náà sínú pàǹtí, mo bá tèmi lọ.

Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé báàgì kalẹ̀, ẹ ó bèèrè pé, "Ṣé mo lè sún un?" Ìyá tó bí mi ń gbàṣẹ lọ́wọ́ mi! Mò ń ra búrẹ́dì wálé, mò ń ra aṣọ, ṣùgbọ́n "ẹ foríjì mí" kò jáde. Ẹyin lohùn lóòótọ́. Mo ní bó bá di Kérésì n ó sọ ọ́. Ikú ò dúró de Kérésì.

Nígbà tí a ṣí àpótí yín, a bá dígí tí mo jù nù náà lábẹ́ aṣọ ìsìn yín, nínú áńkáṣíìfù funfun. Àbúrò mi ní ẹ kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án: "Iṣẹ́ Àjọkẹ́ wà lára rẹ̀."

Mo gbé e lọ sí labó, mo wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ohun tíntìntín tóbi lójú. Iṣẹ́ Àjọkẹ́ ò sí níbẹ̀ mọ́, Ìyá. Iṣẹ́ ọwọ́ yín nìkan ló kù: ó mọ́ tónítóní.

Mo ti wé e padà. Yóò bá yín lọ nínú pósí. Ẹ foríjì mí. Ọlọ́wọ́ mímọ́, ẹ sùn re o.