Àbúrò Mi àti Fáìlì Tí Kò Gba Orúkọ

Ẹ bá mi bi àbúrò mi obìnrin yìí bóyá orí ẹ̀ pé. Kóòdù Java, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ló ń kọ ní ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan. Ìyá Jáfà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ kankan. Wọ́n ṣì ń dán an wò ni o. Bí iṣẹ́ ẹ̀ bá tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn, wọ́n á gbà á pátápátá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó máa lọ sílé.

Wọ́n ní kó kó orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ látinú fáìlì Ẹ́kísẹ́ẹ̀lì, kó fi wọ́n sínú ìwé ẹ̀rí tí màmá kan tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ ti ṣe sílẹ̀ nínú Wọ́ọ̀dù, tí wọ́n tẹ "ORÚKỌ" síbi tí orúkọ kálukú máa wọ̀. Láíbúrárì ọ̀fẹ́ ló lò, ìyẹn kóòdù tí àwọn ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè mú lò, kó sì tú inú ẹ̀ wò. Ọ̀gá yọ ṣùtì sí i. "Ohun ọ̀fẹ́ kẹ̀? A ó máa wò ó."

Ìwé jáde lóòótọ́, àmọ́ "ORÚKỌ" ṣì jókòó gbagidi síbi tó yẹ kí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ wà. Gbogbo ẹ̀ pátá! Ọ̀gá ní kó tún un ṣe kí wọ́n tó ṣíwọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó má padà wá mọ́.

Ó tú fáìlì náà palẹ̀. Lójú, odidi ọ̀rọ̀ kan ni "ORÚKỌ", àmọ́ nínú fáìlì, Wọ́ọ̀dù ti gé e sí wẹ́wẹ́, torí màmá yẹn ti pa lẹ́tà kan rẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì tún un tẹ̀. Odidi ni ètò tí àbúrò mi kọ ń wá, kò sì rí i. Ló bá kọ kóòdù tó kọ́kọ́ ń so wẹ́wẹ́ náà pọ̀. Orúkọ wọlé wẹ́rẹ́.

Ọ̀gá ní, "Ta ló ba iṣẹ́ yìí jẹ́ tẹ́lẹ̀?" Màmá dúró síbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìntì.

"Èmi ni, sà," ni àbúrò mi wí.

Ọ̀gá ní òun ò tíì lè gbà á, káwọn ṣì máa dán an wò ná.

Nígbà tó délé tó sọ ọ́ fún mi, mo pariwo mọ́ ọn. "Ṣé o ò lè sọ òótọ́ ni? Iṣẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Òótọ́ ni mo sọ, Àǹtí mi. Ta ni kì í ṣàṣìtẹ̀? Ètò tèmi ló yẹ kó lè gba irú àṣìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ra."

Inú ń bí mi, mo dì mọ́ ọn, mo bú sẹ́kún.