Lẹ́ńsì Gígùn Bàbá Mítà

Bí ẹ bá rí bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì, tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tó ń yọjú lẹ́yìn òpó iná, tó ń ya ajá onílé ní fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo olè. Bàbá Mítà ni. Kò jí nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ohun tó ń ṣe é ju olè lọ: ó fẹ́ràn ajá, ẹ̀rù ajá sì ń bà á.

Iṣẹ́ mítà iná kíkà ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹni tí kò ránṣẹ́ pè ọ́ lo máa wọ ọgbà rẹ̀, wàá lọ tẹjú mọ́ ògiri rẹ̀, wàá kọ nǹkan sílẹ̀, tó bá sì ṣe díẹ̀, owó ni wọ́n máa ní kó wá san. Kí lẹ fẹ́ kí ajá ilé náà ṣe, kó ní káàbọ̀? Ajá bù ú jẹ lẹ́sẹ̀, ajá bù ú jẹ lọ́wọ́, èyí tó kẹ́yìn sì bù ú jẹ níbi tí àgbàlagbà kì í fi han nọ́ọ̀sì bí kò bá di dandan. Ó pẹ́ tó fi ń jẹun lórí ìdúró.

Wọ́n ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bàbá Mítà ò tilẹ̀ dúró de ekòló. Bí ajá bá gbó nínú tẹlifíṣọ̀n, á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí àga. Síbẹ̀, kò sí ohun tó dùn ún wò tó ajá tó ń sáré, tí afẹ́fẹ́ ń gbá etí rẹ̀ sẹ́yìn, tí ahọ́n rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ajá ọ̀hún ṣáà ti wà lẹ́yìn irin géètì ni. Nígbà tó fẹ̀yìntì, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ra kámẹ́rà fún un, ó sì di pé tílẹ̀ bá ti mọ́, ó ti jáde. Ṣùgbọ́n ibi tó ń dúró sí máa ń jìnnà jù, ajá kì í ju kòkòrò lọ nínú fọ́tò rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gba fọ́tò àkọ́kọ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Títì yìí mà mọ́ o,” ó ní. “Kí ni dúdú kékeré yìí? Ṣé eṣinṣin bà lé e ni?”

“Ajá ni.”

“Hẹn-ẹ̀n! Ajá tó ń lọ sí ìlú wo?”

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀ ni, à bá rẹ́rìn-ín, ká máa bá tiwa lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di wàhálà. Télọ̀ ni ọmọ náà, ó fẹ́ káfíńtà kan, wọ́n sì ń gbé nínú yàrá àti pálọ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, Bàbá Mítà ti fi ohùn kan báyìí sọ pé, “Káfíńtà? Ó dáa,” ohùn yẹn ò sì kúrò létí ọmọ rẹ̀ títí dòní. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, tọkọtaya gba ajá kan sílé. Láti ọjọ́ tí Bàbá Mítà ti gbọ́, kò fẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́. Tí wọ́n bá pè é, á ní orúnkún ń dun òun. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ òótọ́, òun náà sì ti búra pé ẹ̀rù ọkọ òun ò ní gba ẹnu òun jáde, ẹni tó ni ẹ̀rù ni kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà pè é lórí fóònù.

“Bàbá mi, orúnkún yín ńkọ́?”

“Hàà, ọmọ mi, ó ṣì wà níbẹ̀. Àtẹ̀gùn ni kò fẹ́ rí rárá.”

“Ilé wa ò ní àtẹ̀gùn, Bàbá mi.”

Bàbá Mítà wúkọ́.

“Mo sì rí yín lánàá,” ọmọ náà ní, “lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ gbé kámẹ́rà dání, ẹ̀yin àti ajá kan ni ẹ jọ ń sáré.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé eré ọ̀hún kì í ṣe àjọsá. Ajá ló ń lé, Bàbá ló ń sá. Ṣùgbọ́n báwo ni bàbá ṣe máa sọ ìyẹn fún ọmọ tó bí?

“Ẹ gbọ́, Bàbá mi.” Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ẹ wá ya ajá wa ní fọ́tò lọ́jọ́ Àìkú. Bí ẹ bá wá, ó tán. Bí ẹ ò bá wá, á jẹ́ pé ọkọ mi ni ẹ ò fẹ́ fojú rí lóòótọ́. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́. Mi ò tún ní pè.”

Ó gé fóònù. Bàbá Mítà jókòó, ó ń wo fóònù bí ẹni pé òun ló sọ̀rọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí láyé! Bó bá lọ, ajá wà níbẹ̀. Bí kò bá lọ, ọmọ ti bọ́ nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ tó ń ká aṣọ ò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ẹ sọ fún un pé ojo ni yín,” ó ní. “Kò sẹ́ni tíyẹn pa rí.”

“Ojo? Èmi?”

“Rárá o, ẹ má bínú. Orúnkún ni.”

Ọgbọ́n tí ẹ̀rù máa ń kọ́ àgbàlagbà ló gbé e dé ṣọ́ọ̀bù onílẹ́ńsì lọ́jọ́ kejì. Ó ti rò ó pé bí òun bá rí lẹ́ńsì, ìyẹn ojú kámẹ́rà, tó lè fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni, òun á dúró sí géètì, òun á ya ajá láti ibẹ̀, òun á juwọ́ sí àna òun, òun á sì máa bọ̀ nílé. Ta ló máa sọ pé òun ò wá?

Ìyá onílẹ́ńsì so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn, ó ń mì jòlòjòlò láyà rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ rírọ̀ kan sórí káńtà, ó to lẹ́ńsì lé e, ó sì mú èyí tó kúrú jù.

“Bàbá, tó bá jẹ́ ti ajá ni, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ máa jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ojú yín á kọ ojú rẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń mí.”

“Gbé e kúrò níbẹ̀.”

“Ó dáa. Èyí ńkọ́? Tí ajá bá wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, tí ẹ̀yin náà wà ní kọ̀rọ̀ kejì...”

“Inú yàrá kan náà?”

Obìnrin náà gbé awò sójú, ó wò ó dáadáa. “Bàbá, báwo lẹ ṣe máa ń jìnnà sí ajá tó, tí ẹ bá ń yà á?”

“Ó wà lọ́wọ́ bí géètì ibẹ̀ bá ṣe lágbára sí.”

Obìnrin náà ò jiyàn mọ́. Ó gbé èyí tó gùn jù fún un. Bàbá Mítà gbé e sójú, ó kọjú sí òdìkejì títì, níbi tí ajá kan sùn sí lẹ́nu ọ̀nà onígbàjámọ̀. Yéè! Ó rí irun imú ajá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ajá ọ̀hún yán, ó fi gbogbo eyín hàn án, Bàbá Mítà fò sẹ́yìn, ó sì fi ìdí gbá àpótí gíláàsì.

“Òdìkejì títì ló wà o, Bàbá,” ni obìnrin náà wí, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á.

“Mo mọ̀. Èyí ni mo fẹ́.”

“Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín kí ẹ tó gbé e lọ. Èyí kì í rí ohun tó wà nítòsí. Bí ajá bá ti sún mọ́ yín débi tí ẹ lè fọwọ́ kàn án, bàìbàì lẹ máa rí. Bí ẹ yí i títí, kò ní mọ́.”

“Ìyá, bí ajá bá ti sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe fọ́tò ló kàn.”

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹnu géètì gan-an ni ètò rẹ̀ ti dàrú. Ọmọ rẹ̀ sáré jáde, inú rẹ̀ dùn débi tí kò lè kí wọn tán. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó fà á gba àárín pákó àti ẹ̀rún igi kọjá, ó di inú pálọ̀. Ìyá rẹ̀ ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Pálọ̀ ọ̀hún kéré: ẹ̀rọ ìránṣọ kan, aṣọ oníbàárà lórí ìṣó, àga gígùn kan. Ohun gíga kan wà ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò. Káfíńtà dúró tì í, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ṣòkòtò.

“Bàbá, ẹ káàbọ̀. A ní nǹkan kan tí a...”

Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí nǹkan kan fi dìde nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n bò náà. Ajá! Ajá ńlá, awọ rẹ̀ rí rúsúrúsú, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì sùn.

Kí Bàbá Mítà tó mọ ohun tó ń ṣe, kámẹ́rà ti wà lójú rẹ̀. Kò rí ajá. Rúsúrúsú nìkan ló rí. “Bàìbàì ni,” ó ń kùn, “bàìbàì ni.” Ó sún sẹ́yìn. Rúsúrúsú ń pọ̀ sí i. Ó tún sún sẹ́yìn. Báyìí ló ṣe fi ẹ̀yìn rìn jáde ní pálọ̀, ó fi ẹ̀yìn kọjá láàárín pákó, ó di géètì, kámẹ́rà ò kúrò lójú. Nínú ilé, káfíńtà ti ṣí aṣọ kúrò lórí ohun tó bò. Nígbà tó máa yíjú padà, kò rí àna rẹ̀ mọ́.

“Máaretí, dúró!” Ọmọ rẹ̀ ti di okùn ọrùn ajá mú lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbà náà ni lẹ́ńsì là. Gbogbo nǹkan mọ́ kedere. Bàbá Mítà ń wá ajá, ojú ọmọ rẹ̀ ló bá pàdé. Ó ti fi eyín tẹ ètè ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré tí kò bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń sunkún. Ó rò pé bàbá òun jìnnà, kò lè rí òun. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú pálọ̀, àga kan ló wà ní kọ̀rọ̀. Àga onígi, ìjókòó rẹ̀ ga ju ti àga ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, apá rẹ̀ nípọn dáadáa, irú èyí tí ẹni tí orúnkún ń dùn lè fọwọ́ tì dìde. Irọ́ tí Bàbá Mítà ń pa láti ọjọ́ yìí, káfíńtà ti gbà á gbọ́, ó ti fi igi tó dára ṣe àga, ó ti mú un dán. Ọkùnrin náà rọra ń fa aṣọ bo àga náà padà.

Ojú ti Bàbá Mítà débi tí etí rẹ̀ gbóná. Ó sọ kámẹ́rà sílẹ̀ láyà.

“Ẹ̀rù ajá ló ń bà mí!” ó kígbe láti géètì.

“Kí lẹ wí?”

“Mo ní ẹ̀rù ajá ló ń bà mí o! Orúnkún mi ò ṣe nǹkan kan! Ọkọ rẹ ò ṣẹ̀ mí! Ajá ni!”

Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Obìnrin tó ń fọ abọ́ lódìkejì dáwọ́ dúró. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí pákó, ó ń lu itan, ẹ̀rín ò jẹ́ kó mí.

“Ajá yìí?” Káfíńtà ti jáde. “Bàbá, adìẹ ló ń lé ajá yìí kiri.”

Ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, inú sì ń bí i, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. “Ẹ̀yin tí ẹ ń ya ajá kiri ìgboro! Nítorí ajá ni mo ṣe ń sunkún láti ọjọ́ yìí?”

“Mo fẹ́ràn wọn,” ni Bàbá Mítà wí. “Láti òkèèrè ni. Kí lẹ tiẹ̀ pe orúkọ rẹ̀?”

“Máaretí.”

Kò béèrè ẹni tí wọ́n ní kó máa retí. Ajá ni wọ́n sọ lórúkọ, bàbá ni wọ́n ń bá wí, ó sì yé e dáadáa.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ó kù kó lọ bá ojú. Ó kúrò ní géètì. Láti ìgbà tó ti ń fi orúnkún purọ́, ọjọ́ yẹn ni orúnkún ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n ní tòótọ́. Ó dé pálọ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ká aṣọ kúrò lórí àga, ó jókòó. Máaretí wá. Ó gbóòórùn bàtà, ó gbóòórùn ṣòkòtò, ó wá gbé orí lé orúnkún tí gbogbo wọn ti ń gbọ́ nípa rẹ̀. Bàbá Mítà ò mí. Ó gbé kámẹ́rà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

“Kì í jẹ èèyàn,” ni káfíńtà rọra wí.

“Àga yìí ga dáadáa.”

“Orúnkún yín ni mo wò ṣe é, Bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò dùn yín, mo lè gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú.”

“Má fọwọ́ kàn án,” ni Bàbá Mítà wí. “Àga mi ni.”

Nígbà tí ìyá onílẹ́ńsì rí i tó wọlé pẹ̀lú lẹ́ńsì gígùn nínú àpò, ó ti mọ ohun tó gbé e wá. Ó gba kámẹ́rà, ó wo fọ́tò tó wà níbẹ̀: rúsúrúsú látòkè délẹ̀, kò lórí, kò nídìí.

“Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ? Ẹ jẹ́ ká pa eléyìí rẹ́.”

“Fún mi ní kúkurú,” ni Bàbá Mítà wí, “ṣùgbọ́n má pa á rẹ́ o.”

Káfíńtà ló kan fírémù rẹ̀. Ó wà ní pálọ̀ Bàbá Mítà lónìí, ó ga ju fọ́tò ìgbéyàwó lọ lára ògiri, àlejò kan kì í sì wọlé kó má béèrè irú fọ́tò tó jẹ́.

“Ajá ọmọ mi ni,” á ní. “Mo sún mọ́ ọn jù.”